Tírélà àlòkù fún gbígbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Houston: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Alief:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí owó tó kúrò lápò mi. Ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá ni mo máa ń rà ní ọjà gbàǹjo níhìn-ín ní Houston. Èmi àti mẹkáníìkì mi a tún un ṣe, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí Èkó. Ohun tó ń jẹ èrè mi jù lọ kì í ṣe owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí kò ṣe owó àwọn tó ń bá mi gbé e láti àgbàlá gbàǹjo wá sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n á sì tún gbé e láti ibẹ̀ lọ sí èbúté. Bí ẹni tí mo gbé iṣẹ́ fún kò bá tètè yọjú, àgbàlá gbàǹjo á bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpamọ́ sí mi lọ́rùn lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti ra tírélà tèmi, irú èyí tí kò ní òrùlé tí kò sì ní ògiri, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń dúró lé lórí.

Mo ti rí ọ̀kan. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, ó ní axle méjì (irin ìdábùú tí táyà ọ̀tún àti òsì ń yí létí rẹ̀), pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà dúdú tuntun ń dán lára irin rẹ̀, ẹni tó ń tà á sì ń bèèrè 2,300 dọ́là. Ó ní táítù rẹ̀, ìyẹn ìwé ìjọba tó ń fi ẹni tó ni ín hàn, ti sọnù, ṣùgbọ́n òun yóò kọ ìwé títà-rírà fún mi, a ó sì jọ buwọ́ lù ú. Toyota 4Runner ọdún 2015 ni màá fi máa fà á. Camry àti Corolla ni mo ń rà jù, mo sì máa ń ra Highlander tàbí Sienna lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé ni mo fẹ́ lọ wò ó. Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀? Ṣé agbára 4Runner mi ká a? Ṣé ọ̀rọ̀ táítù tó sọnù yìí sì jẹ́ ohun tó yẹ kó kọ mí lóminú, àbí báyìí ni gbogbo ènìyàn ṣe ń ra tírélà àlòkù?

Awakọ̀ Katy:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, ẹ̀gbọ́n wa. Kí ẹ tó lọ wo tírélà rárá, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí yóò fà á, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣirò yín kò ti pé. Ohun tí Toyota kọ sílẹ̀ fún 4Runner ni pé kò gbọdọ̀ fa ẹrù tó ju 5,000 pọ́ùn lọ, tírélà fúnra rẹ̀ sì wà lára ẹrù náà. Tírélà onípákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18 sábà máa ń wọ̀n tó 2,000 pọ́ùn lófìfo. Camry ń wọ̀n bíi 3,300. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, 5,300 ni. Ẹ ti kọjá ààlà kí ẹ tó ju jáàkì àti àpótí irinṣẹ́ sí i. Corolla nìkan ni 4Runner yín lè gbìyànjú rẹ̀, nítorí pé òun ń wọ̀n bíi 2,850, síbẹ̀ ààyè tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ti Highlander àti Sienna, tí wọ́n ń sún mọ́ 4,500 pọ́ùn, kò tilẹ̀ yẹ ní dídábàá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ fún yín pé òun ti fi 4Runner fa Sienna láti Dallas wá síhìn-ín tí ohunkóhun kò ṣe òun. Lóòótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fà á. Dídúró ni ìṣòro. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá dúró lójijì lórí I-10, tí ohun tó wà lẹ́yìn yín sì wúwo ju ohun tí ẹ jókòó sínú rẹ̀ lọ, ẹrù ni yóò máa darí ọkọ̀. Tundra oní-V8 5.7 lè fa ohun tó ju 8,000 pọ́ùn lọ, Sequoia oní-ẹ́ńjìnnì kan náà sì lè fa bíi 7,000. Bí ẹ kò bá tíì lè ra irú wọn, ẹ fi tírélà náà sílẹ̀ ná, tàbí kí ẹ máa yá ọkọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni agbára tírélà náà fúnra rẹ̀. Àwo kékeré kan yẹ kó wà lára irin rẹ̀ lápá iwájú, tí wọ́n kọ GVWR sí, èyí ni àpapọ̀ ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí axle méjèèjì bá jẹ́ ti 3,500 pọ́ùn, 7,000 ni ẹ ó rí níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ 2,000 ti tírélà kúrò, 5,000 ló kù fún ọkọ̀, èyí sì tó fún gbogbo ọkọ̀ tí ẹ dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti máa ra Lexus GX 460, òun nìkan ti ju 5,000 pọ́ùn lọ, tírélà tí axle rẹ̀ jẹ́ ti 5,200 ni kí ẹ wá.

Ẹ tún mọ̀ pé ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí lórí tírélà ṣe pàtàkì púpọ̀. Ìwọ̀n tó ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fà á gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹrù. Fún 5,300 pọ́ùn, ìyẹn jẹ́ 530 sí bíi 800. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sẹ́yìn jù, tírélà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì bí eré bá ti pọ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì ọkọ̀, ẹ má sì ṣe yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí eré, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ ohun tó ń darí bíréèkì tírélà kí tírélà nìkan máa dúró díẹ̀díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé Camry, ẹ gbà á lọ sórí òṣùwọ̀n CAT Scale tó wà ní àwọn ibùdókọ̀ ńláńlá, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí táyà rẹ̀ dúró sí lórí pákó nígbà tí ìwọ̀n náà bá dọ́gba.

Ìyá Ìbejì Missouri City:

Ẹ ṣeun, Awakọ̀ Katy. Ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi, nítorí pé òun ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́.

Àbúrò mi, ní Texas níbí, tírélà tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ bá ju 4,000 pọ́ùn lọ gbọ́dọ̀ ní táítù. Èyí tí ẹ fẹ́ rà jẹ́ 7,000, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìwé títà-rírà tí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù kò lè rọ́pò táítù. Yóò kàn jẹ́rìí pé owó kúrò lọ́wọ́ yín ni. Ẹ gbọ́ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí má wọ̀ mí létí. Bí táítù bá sọnù lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, fọ́ọ̀mù VTR-34 ni yóò kọ, yóò san 2 dọ́là bó bá fi í ránṣẹ́ nípa ìfìwéránṣẹ́, tàbí 5.45 dọ́là bó bá lọ sí ọ́fíìsì TxDMV (àjọ tó ń rí sí ìwé ọkọ̀ ní Texas) fúnra rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ẹ̀dà mìíràn. Ta ni yóò jẹ́ kí ọjà 2,300 dọ́là bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí dọ́là márùn-ún? Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ó lọ gba ẹ̀dà náà, pé ẹ ó dúró dè é. Bí tírélà bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, yóò lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lọ́sàn-án yìí, ẹ dá a gbére.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá VIN rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀), ó yẹ kí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ wò ó bóyá èyí tó wà lára àwo bá èyí tó wà lórí ìwé mu lẹ́tà fún lẹ́tà, kí ẹ sì fi wá a lórí VINCheck ti NICB (àjọ tó ń gbógun ti olè ọkọ̀ àti jìbìtì adójútòfò), tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n ti kéde rẹ̀ pé wọ́n jí i gbé. Tírélà rọrùn láti jí ju ọkọ̀ lọ, nítorí pé kò ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i. Ẹni tó bá ti ní ìkọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ lè fà á lọ lóru. Èmi kò sọ pé olè ni ẹni yìí. Mo ń sọ pé bí ẹ bá rà á láìsí ìwé, tí oníǹkan wá yọjú, tírélà yóò lọ, owó yóò sì lọ.

Ọ̀nà kan wà tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó ti ra ohun tí kò ní ìwé, tí wọ́n ń pè ní bonded title, níbi tí ẹni náà yóò ti ra ìwé onídùúró (surety bond) tí iye tó bò jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ owó tí tírélà tó. Ọ̀nà náà dára fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò fi ojú ara rẹ̀ rí kó tó kó wọ inú rẹ̀. Bí ìwé bá pé, ẹ̀yin àti ẹni tó tà á ni ẹ jọ máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù 130-U tí a fi ń bèèrè táítù, kí ẹ sì mú un dé ọ́fíìsì owó orí káńtì láàárín 30 ọjọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Iṣẹ́ òwò ni ẹ ń ṣe. Bí ẹ bá ń sọdá sí Louisiana láti lọ gbé ọkọ̀ wá, tí àpapọ̀ GVWR ọkọ̀ yín àti ti tírélà sì tó 10,001 pọ́ùn, ìjọba àpapọ̀ ń fẹ́ kí ẹ ní nọ́ńbà USDOT, ìyẹn nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ ìrìnnà wọn fi ń dá àwọn ọkọ̀ òwò mọ̀. Ti 4Runner yín àti tírélà 7,000 ti kọjá iye náà, ti Tundra sì kọjá a dáadáa.

Wẹ́ẹ̀dà Ọmọ Ẹ̀gbá:

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ń jó irin pọ̀ láti Abẹ́òkúta kí n tó dé Texas, tírélà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò.

Ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré, sukudiréfà, jáàkì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti páálí tí ẹ ó sùn lé dání. Abẹ́ tírélà ni ìdánwò wà, kì í ṣe òkè. Ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan máa ń kun nǹkan wọn nítorí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kùn ún láti fi bo nǹkan mọ́lẹ̀ kì í lè kun ibi tí ọwọ́ kò dé. Ẹ tan iná sí orí irin ìdábùú tó wà lábẹ́ pákó, níbi tí pákó ti jókòó lé e, nítorí pé omi òjò máa ń há síbẹ̀ tí kì í sì í tètè gbẹ. Ẹ fi òòlù kàn án káàkiri. Irin tó ṣì le yóò dún gbọnrangan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú yóò dún pò, ọ̀dà á sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti so sípíríǹgì mọ́ ara irin àti ní ọrùn tírélà.

Ọrùn yẹn ni kí ẹ pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí irin méjì tó wá láti iwájú ti pàdé irin ìdábùú àkọ́kọ́, gbogbo ẹrù ń fà á, ó sì ń tì í ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bọ́ sínú kòtò. Bí irin bá ti fẹ́ ya níbẹ̀, kì í ya lójijì. Ìlà kan máa ń jáde létí ojú jíjó náà, fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, omi á wọ inú rẹ̀, ìpẹtà pupa á sì ṣàn jáde gba inú ọ̀dà tuntun yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi èékánná ha á. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ti jó irin pẹlẹbẹ kan lé ibẹ̀ lórí, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀, nítorí pé wọn kì í lẹ irin mọ́ ibi tí kò ya.

Pákó rọrùn. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fi sukudiréfà gún un, pàápàá níbi tí táyà ọkọ̀ máa ń gbà. Bó bá wọlé bí ẹ kò ṣe tilẹ̀ fi agbára tì í, ó ti rà. Pákó rírà kò yẹ kó lé yín sá, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ kàn yọ ọ́ lára owó tí ẹ ó san.

Axle ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń wò. Axle tó dára máa ń tẹ̀ sókè díẹ̀ ní àárín nígbà tí kò sí ẹrù. Ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn láti ìparí kan dé ìkejì lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí i. Bí àárín bá ti wálẹ̀, wọ́n ti gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e rí, táyà rẹ̀ yóò sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú ju ẹ̀gbẹ́ òde lọ. Bí ẹ bá rí irú jíjẹ bẹ́ẹ̀ lára táyà, ẹ má tilẹ̀ wá okùn mọ́.

Ẹ fi jáàkì gbé àgbá táyà kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ yí i lọ́wọ́. Ó yẹ kó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń dún kàrà-kàrà, bíárìn rẹ̀ ti jẹ. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú kí ẹ mì í. Kò yẹ kó mì ju díńkín lọ. Ẹ ṣí ìdérí kékeré àárín rẹ̀ kí ẹ wo gíríìsì. Bó bá ti di funfun, omi ti wọ inú rẹ̀, èyí kò sì ṣàjèjì ní Houston, níbi tí àgbàrá ìjì líle Harvey ti bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀ ní 2017, tí àwọn mìíràn sì ń fi tírélà ti ọkọ̀ ojú omi sínú omi iyọ̀ ní Galveston kí wọ́n tó yí i padà sí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn tó ń ṣe axle Dexter ní kí wọ́n máa tú bíárìn kí wọ́n sì fi gíríìsì tuntun sí i ní oṣù 12 tàbí máìlì 12,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ẹni tó ń tà á nígbà tó ṣe é kẹ́yìn; ẹni tó ń ṣe é yóò dá yín lóhùn láìronú.

Bíréèkì: ní Texas, tírélà tó bá ju 4,500 pọ́ùn lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Wáyà kékeré kan wà ní ọrùn tírélà tí a ń so mọ́ ọkọ̀, kí bíréèkì lè mú fúnra rẹ̀ bí tírélà bá já. Ẹ yọ ìdè rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fà á síwájú díẹ̀. Àwọn àgbá gbọ́dọ̀ kọ̀ láti yí. Bí wọ́n bá ń yí lọ gbẹrẹgẹdẹ, bóyá bátìrì kékeré rẹ̀ ti kú, èyí tí kò ṣòro, tàbí kí mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti bàjẹ́, èyí tó ń náni lówó.

Ti táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára rẹ̀; bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú tó fi ń tẹ ilẹ̀ ṣì lè nípọn, kó sì dà bíi tuntun, ṣùgbọ́n táyà tírélà máa ń darúgbó níbi tó dúró sí nínú oòrùn, ó sì máa ń bẹ́ nígbà tó bá kọjá ọdún mẹ́fà. Kí lẹ́tà ST (ti tírélà) wà lára rẹ̀, kì í ṣe P (ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́). Bó bá jẹ́ ST205/75R15 oní-C (lẹ́tà tó ń sọ agbára ẹrù rẹ̀), 1,820 pọ́ùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì tó 7,280.

Ẹ wò ó bóyá ìdérí táyà ẹ̀gbẹ́ kan ṣeé yọ. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ̀yin tí ẹ bá wa ọkọ̀ gùn ún kò ní lè ṣílẹ̀kùn jáde, ojú fèrèsé ni ẹ ó máa gbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Alief:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo lọ wo ti àkọ́kọ́. Níbi tó yẹ kí àwo wà, ihò mẹ́rin ni mo rí tí wọ́n fi ọ̀dà dí. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kí ó lọ gba ẹ̀dà táítù, mo tilẹ̀ ní màá fún un ní owó fọ́ọ̀mù náà. Ó ní òun kò ní àkókò. Mo kúrò níbẹ̀.

Mo ti rí òmíràn ní apá Rosenberg. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, GVWR rẹ̀ jẹ́ 7,000, táítù wà lórúkọ bàbá tó ń tà á, VIN bá ìwé mu, VINCheck kò sì sọ ohun búburú kan nípa rẹ̀. Irin rẹ̀ dún gbọnrangan káàkiri, ìpẹtà tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ ti ojú nìkan. Axle méjèèjì tẹ̀ sókè bí ẹ ṣe wí. Ohun tí kò dára nìyí: 2317 ni mo kà lára táyà mẹ́ta, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ P, àgbá ẹ̀yìn apá ọ̀tún ń dún kàrà-kàrà, àwọn àgbá ń yí lọ nígbà tí a yọ ìdè, ṣùgbọ́n nígbà tí a so ó mọ́ ọkọ̀ bàbá náà tó ní ohun ìdarí bíréèkì, wọ́n mú dáadáa, pákó mẹ́rin ti rà ní apá ẹ̀yìn. 2,900 dọ́là ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Sequoia V8 tó ti gbà pé kí n máa lò. Èló ni kí n dá a?

Wẹ́ẹ̀dà Ọmọ Ẹ̀gbá:

Èyí ni tírélà. Bí wọ́n bá mú nígbà tí ọkọ̀ tẹ bíréèkì, tí wọn kò sì mú nígbà tí ẹ yọ ìdè, ó ṣeé ṣe jù pé bátìrì kékeré náà ló kú, kò tó 50 dọ́là. Ẹ fi nǹkan bí 400 sí 450 sílẹ̀ fún táyà mẹ́rin, kí ẹ má ṣe ra ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ pààrọ̀ bíárìn gbogbo àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ti èyí tó ń dún nìkan, nítorí pé ọwọ́ kan náà ló tọ́jú gbogbo wọn. Bí ẹ bá ṣe é fúnra yín, kò yẹ kó ju 150 lọ. Pákó mẹ́rin kò tó 100. Nítorí náà 2,200 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka ohun tí ẹ rí fún bàbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìbú ọjà rẹ̀, bí ẹ bá sì parí rẹ̀ sí 2,400 ẹ kò pàdánù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ táyà tuntun, ẹ dúró ní máìlì 10, 25 àti 50 àkọ́kọ́ kí ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dì, nítorí pé wọ́n máa ń dẹ̀ lẹ́yìn tí irin bá ti jókòó.

Ará Èbúté La Porte:

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ìdè kò tíì jáde, ìyẹn ló mú mi sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ń fi gbígbé ọkọ̀ ṣòwò ní kí ọkọ̀ ní ìdè méjì ó kéré tán, kí wọ́n dì í níwájú àti lẹ́yìn. Mẹ́rin ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra oníbùú íǹṣì méjì tí wọ́n kọ 3,333 pọ́ùn sí lára gẹ́gẹ́ bí agbára ìlò rẹ̀, kì í ṣe àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di ẹrù orí ọkọ̀. Táyà ni kí ẹ dè, kì í ṣe abẹ́ ara ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá lè ní irin ìsàlẹ̀ tó ti ṣẹ́ tí ẹ kò rí, bó bá sì jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdè á dẹ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn máìlì díẹ̀ àkọ́kọ́ kí ẹ tún un fà.

Ọkọ̀ gbàǹjo kì í dúró ní ara kan. Bọ́ńpà tí okùn kan ṣoṣo dì mú, gíláàsì tó ti fọ́ tó ṣì wà nínú fèrèsé, dígí ẹ̀gbẹ́ tó ń fì, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ yọ sínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò ní àgbàlá. Bónẹ́ẹ̀tì ló burú jù. Bí ìdè rẹ̀ bá ti bàjẹ́ nínú ìjàǹbá, tí ojú ọkọ̀ sì kọ síwájú, atẹ́gùn 60 máìlì ní wákàtí kan yóò ṣí i, yóò sì fà á ya sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi bẹ́líìtì dì í yí ká.

Ẹ ra wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn irin fa ọkọ̀), kí ẹ jó o mọ́ iwájú tírélà dáadáa. Ẹ̀rọ wọn ní àgbàlá gbàǹjo yóò bá yín gbé ọkọ̀ tí kò lè rìn sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Wíǹṣì náà ni ẹ ó fi máa rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò (insurance) ọkọ̀ yín pẹ̀lú, nítorí pé adójútòfò Sequoia sábà máa ń bo ohun tí tírélà bá fi ṣe ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í bo tírélà fúnra rẹ̀ tàbí ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ bí ẹ kò bá sọ pé kí wọ́n fi kún un.

Ní èbúté, bí ẹ kò bá ní káàdì TWIC (káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté), wọn kò ní jẹ́ kí ẹ dá wọlé. Ẹni tó ní in ni yóò sìn yín wọlé, ẹ sì ní láti san owó fún un. Ẹ ka ọjọ́ dáadáa pẹ̀lú, nítorí pé ọkọ̀ àti táítù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà níwájú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní wákàtí 72 ó kéré tán kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra. Bí tírélà bá ti di tiyín, ọjọ́ Mọ́ńdè ni kí ẹ máa gbé e lọ fún ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ má dúró di Ọjọ́bọ̀ mọ́.